Ọwọ́ Bàbá Alámì Kò Ba Irin Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Obìnrin ni mí, mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Òrè. Orúkọ ni mo ń kọ sára nǹkan. Ẹ fẹ́ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín sára ife, sára aago ara ògiri, sára búrọ́ọ̀ṣì pàápàá, ẹ gbé e wá, màá kọ ọ́.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ṣe ohun kan sí bàbá arúgbó kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọkọ mi ò mọ̀, àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Mo rò pé màá gbé e dé sàréè ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọgọ́ta ife irin wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Orúkọ bàbá náà ni wọ́n ní kí n kọ sí wọn lára. Wọ́n sì ti sọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí n gbà kọ ọ́. Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣépè fún mi.

Odígbó ni bàbá náà ń gbé. Bàbá Alámì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tí ìnáwó bá dé lọ́dọ̀ wa, bóyá òkú ni tàbí ìgbéyàwó, ìkòkò ilé ẹnì kan kì í tó. Wọ́n á yá ìkòkò ní ilé yìí, wọ́n á yá agbada ní ilé tọ̀hún, abọ́ á wá láti ilé mẹ́wàá. Tí wọ́n bá wá fọ gbogbo rẹ̀ tán, tí wọ́n dojú wọn dé sílẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ ti ta ni?

Bàbá Alámì ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń fi ìṣó àti òòlù kékeré lu àmì wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò àti abọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ti ilé bàbá mi, ojú ìṣó mẹ́rin ni, pẹ̀lú ìlà kan lábẹ́ wọn. Títí dòní, tí mo bá rí ìdí ìkòkò lágbo ìdáná, mo lè sọ ilé tó ti wá.

Kì í ṣe ìdí ìkòkò nìkan. Bàbá máa ń fín orúkọ sára àdá, sára ife ìdíje àwọn ọmọ ilé ìwé, sára bàbà tí wọ́n ń kàn mọ́ àga nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ife irin onídèérí, irú èyí tí tíì kì í tètè tutù nínú rẹ̀, òun náà ló ń fín in. Èmi ni mo máa ń rí iṣẹ́ náà gbà ní Òrè, màá gbé e lọ bá a ní Odígbó lórí ọ̀kadà, màá lọ gbé e wá tó bá ti parí.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá nígbà tí mo wà ní ọmọge. Odindi ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan, lójú gbogbo ènìyàn, ó gbé àdá tí mo fín sókè, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ò dúró. Ẹnu rẹ ló dúró. Lọ máa bá mi wá oníbàárà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ò sọ ọ́ láti fi bú mi, bó ṣe máa ń ṣàwàdà nìyẹn, ó sì ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tó yá, mo ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń fi iná tẹ orúkọ àti àwòrán mọ́ nǹkan ni. Ẹ kàn máa tẹ ohun tí ẹ fẹ́ sórí bébà kan, ẹ ó wé bébà náà mọ́ ife, ẹ ó ti ife bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ ó kà dé ibi tí ẹ fẹ́ kà á dé, ó parí. Lẹ́tà á gún régé. Àwọ̀ tó bá wù yín ló wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ mi dúró, nítorí pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló ń ṣe é.

Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe dé ni Màdáámú kan wá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fún epo pupa lọ́nà Odígbó ló ti wá, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ará Èkìtì ni, wọ́n gbé e wá síbí ni. Ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì fẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹyìn wá fún wọn ní ife irin, kí orúkọ oníkálùkù wà lára tiẹ̀. Màdáámú kì í ṣe ẹni tí ẹ lè fi ẹnu dídùn mú. Ó ní àwọn kan ti tẹ orúkọ fún wọn rí, tí kò pé oṣù kan tó fi ṣí kúrò. Ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ àbí kí ẹ fín in, èwo ló máa pẹ́?"

Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, Bàbá Alámì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi lọ́jọ́ náà. Ó wá sí ilé ìfowópamọ́ ní Òrè, ó ní kóun yà kí mi. Ìkálẹ̀ ni Bàbá ń sọ, èmi náà Ìkálẹ̀ ni mo fi ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo ń kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo yín.

Kí n tó lanu, Bàbá ti dáhùn. Ó ní, "Ìyáàfin, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, orí irin ló jókòó sí. Èyí tí mo fín, inú irin ló wọ̀. Ọ̀kan jẹ́ àlejò, ọ̀kan jẹ́ onílé."

Màdáámú rẹ́rìn-ín. Ó wá bojú wo ẹ̀rọ mi tuntun, tí mi ò tíì bọ́ ọ̀rá rẹ̀ kúrò kí eruku má baà bà á. Bó ṣe wò ó yẹn dùn mí ju bí ẹni pé ó gbá mi létí lọ. Mo tún di ọmọge tí ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

Màdáámú ní ká dán an wò. Ó fi ife méjì sílẹ̀. Ó ní kí Bàbá fín orúkọ sí ọ̀kan, kí n tẹ orúkọ sí èkejì, kí n máa fi méjèèjì mu omi, kí n máa fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ àti kànìnkànìn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi ni màá ṣe." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn. Obìnrin náà fọkàn tán mi.

Mo ṣe é bó ṣe wí. Mo fi ọ̀kan mu gààrí láàárọ̀, mo fi èkejì mu tíì. Mo fọ̀ wọ́n. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹsàn-án, etí lẹ́tà àkọ́kọ́ lára tèmi ti gbéra. Mo fi èékánná kàn án báyìí, ó tẹ̀lé èékánná mi. Mo gbé ti Bàbá sókè sí oòrùn. Ó wà bó ṣe wà. Kódà kànìnkànìn ti mú kó máa dán sí i.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí. Ó yẹ kí n lọ bá Màdáámú kí n ní, ẹ fín in, Mà. Kò ní pa mí lára. Èmi náà ni mo ṣì máa gba iṣẹ́ ọ̀hún, èmi ni mo máa gbé e lọ fún Bàbá. Ẹ wò ó, ebi ò pa mí. Kò sí gbèsè lọ́rùn mi. Èmi kàn fẹ́ kí Bàbá ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo bu omi búlíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú bókẹ́ẹ̀tì, mo da iyọ̀ sí i, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán, mo ri ife Bàbá bọ inú rẹ̀. Mo fi ìdérí dé e, mo tì í sábẹ́ tábìlì. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, mo ń bá wọn ná ọjà. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo ṣí i, ìpẹtà ti jókòó sínú gbogbo lẹ́tà tí Bàbá fín, ó pupa bí epo tó ta sára aṣọ. Mo fi omi ṣàn án dáadáa kó má baà rùn. Mo wá mú ife tuntun, mo tẹ orúkọ sí i, mo fi í rọ́pò tèmi tó ti ń ṣí. Ẹ rí i pé kì í ṣe irọ́ kan ni mo pa, méjì ni.

Nígbà tí Màdáámú dé, ó yí ife Bàbá sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Ó mà ṣe o. Bàbá yìí sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀." Èmi ọlọ́gbọ́n, mo là á yé e. Mo ní irin òde òní yàtọ̀ sí tàtijọ́, tí ẹ bá ti fín in, ẹ ti dá ọgbẹ́ sí i lára, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó ní kí n tẹ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mi ò rò ni pé Màdáámú jẹ́ ènìyàn rere. Nígbà tó ń kọjá lọ sí ibiṣẹ́, ó yà ní Odígbó, ó gbé ife náà fún Bàbá, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá gun ọ̀kadà wá bá mi. Ó wé ife náà sínú aṣọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú aṣọ, ó gbé ife sórí orúnkún. Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń fín irin. Èyí tí mo fín kò dípẹtà báyìí rí." Ó bi mí pé ṣé nǹkan kan kàn án. Ó ní kí n rántí dáadáa, bóyá àwọn ọmọ bu nǹkan sí i.

Ilẹ̀kùn nìyẹn. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i fún mi. Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Omi àti ọṣẹ lásán ni."

Ó mi orí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. Ó ní àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ tí òun bá láyé máa ń sọ pé àwọn ènìyàn kan wà tí òógùn ọwọ́ wọn máa ń jẹ irin. Tí irú wọn bá di ọ̀bẹ mú lónìí, yóò dípẹtà lọ́la. Ó ní wọn kì í gba irú wọn sí ilé àgbẹ̀dẹ. Ó wá ní, "Àbí ara mi ti yí padà ni? Àbí ọjọ́ ogbó ló dé yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo mú ọ̀rọ̀ òógùn wá. Òun ló mú un wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí lójú, ó ń dúró kí n sọ pé rárá. Mo ní, "Ó lè jẹ́ òógùn náà, Bàbá."

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó dìde, ó wé ife rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ mi.

Ká ní ọ̀bàyéjẹ́ kan ni Bàbá, ì bá dákẹ́, ì bá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò dákẹ́. Láti ilé dé ilé ló ń lọ káàkiri Odígbó, ó ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n yẹ ìdí ìkòkò tí òun lu àmì sí láìpẹ́ wò, pé ó dà bí ẹni pé ọwọ́ òun ti ń ba irin jẹ́. Ìkòkò wo ni kì í dípẹtà nídìí? Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí ìpẹtà, wọ́n ní òótọ́ ni Bàbá ń sọ. Obìnrin kan tí ìkòkò rẹ̀ ti ń jò láti ọdún tó kọjá rántí lójijì pé ọwọ́ Bàbá ni.

Bàbá kọ́kọ́ fi ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́. Kò mọ bí irin ṣe rí lábẹ́ ìbọ̀wọ́. Ó fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, ó fi eérú fọ̀ ọ́, títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi ń bó. Lẹ́yìn náà ló gbé òòlù sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ló fi sílẹ̀, bóyá mi ò ní máa kọ èyí. Bàbá ni wọ́n máa ń fún ní ife Ìdàpọ̀ Mímọ́ gbé nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Ó lọ bá Àlùfáà, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, òun ò fẹ́ ba ife Olúwa jẹ́. Inú abọ́ ike ló ń jẹun báyìí, ṣíbí ike ló fi ń jẹ ẹ́. Kì í gba àdá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá gun ọ̀kadà, kì í di irin ẹ̀yìn mú, ẹ̀wù ọlọ́kadà ló máa ń dì mú, pẹ̀lú gbogbo gegele ọ̀nà yẹn. Mo ti rí i fúnra mi. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí kò sí Alámì mọ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà kọ ìdí ìkòkò wọn. Iná ìdáná níbi ìnáwó òkú kan ló jó ọ̀dà náà tán. Ilé méjì ja ìjà lórí ìkòkò ńlá kan, ọmọ ìyá kan náà ni ìyáálé ilé méjèèjì, wọn ò sì tíì kí ara wọn títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí àwọn ife tí mo tẹ̀ ṣe rí. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Àgbẹ̀ kan láti Àgọ́ Aláyè gbé tiẹ̀ wá bá mi, lẹ́tà méjì péré ló kù lára orúkọ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ ọmọ òun ti ń bi òun pé ife ta ni, pé kí n jọ̀ọ́ bá òun tún un kọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ó kúkú sàn ju kó dípẹtà lọ." Màdáámú náà sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibòmíràn. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nìyẹn lágbègbè wa báyìí. Kò sí ẹni tó ń gbé nǹkan wá fún fífín mọ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Èmi ni mo da eérú, ojú Bàbá ló lọ. Tèmi ń lọ déédéé. Mo ti ra ẹ̀rọ kejì.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó nawọ́ sí àpò kan nílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Irin ìfín rẹ̀ ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀, àti òòlù kékeré, ó ti ní kí ìyàwó rẹ̀ fi epo pa wọ́n kó sì dì wọ́n. Ó ní, "Nígbà yẹn, mo ní ọwọ́ rẹ ò dúró. Mo ti sọ ọ́ jù. Ọwọ́ tìrẹ gbẹ, irin ò ní bínú sí ọ. Máa lò wọ́n."

Mo kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo gba àpò náà. Ẹ bá mi wo ojú tí mo fi gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Akúrẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá máa pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọgọ́ta ife irin wá, ó ní kí n kọ orúkọ Bàbá àti ọjọ́ náà sí wọn, kí àwọn àlejò mú un lọ sílé. Ó kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún mi. Josaya Akínmádé. Gbogbo ọdún tí mo fi bá a ṣe, tó ń fín orúkọ ẹlòmíràn, mi ò mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ nìyẹn.

Mo sọ fún un pé ó yẹ ká fín in. Ọ̀rọ̀ náà kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, Màámi, ẹ má fín in o. Bàbá kìlọ̀ fún mi dáadáa. Wọ́n ní kí ẹ fi ẹ̀rọ yín tẹ̀ ẹ́, pé bí ọwọ́ yín tilẹ̀ gbẹ, àwọn ò fẹ́ kí orúkọ àwọn lọ máa dípẹtà nínú ilé onílé."

Ọmọ náà lọ tán, mo jókòó. Lẹ́yìn náà mo tú àpò Bàbá, mo mú irin ìfín kan, mo fín orúkọ rẹ̀ sí ife kan. Ó wọ́. Òótọ́ ló sọ nípa ọwọ́ mi, kò sọ ọ́ jù rárá. Mo ń fi ife náà mu omi láti ọjọ́ náà, mo ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, bí Màdáámú ṣe ní kí n ṣe nígbà yẹn. Kò dípẹtà. Kò ní dípẹtà láéláé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ti le nìyí. Ojú Bàbá ti ń ṣú. Dókítà ní ìpele funfun ti bo méjèèjì, kò lè rí nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́. Bí mo bá sọ fún un lónìí, kò lè padà sídìí iṣẹ́ mọ́. Ohun tó máa kàn mọ̀ ni pé ó fi ọwọ́ tó mọ́ pamọ́ fún ọdún mẹ́rin nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ṣé ẹ̀bùn ọgọ́rin ọdún nìyẹn? Ohun tí mo fi ń tan ara mi nìyẹn. Màá ní, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ mọ́? Àfi kí n tún rántí abọ́ ike yẹn. Àfi kí n rántí pé ẹni tó ń gbé ife Olúwa ti ń jókòó sí àga ẹ̀yìn.

Bí mi ò bá sì sọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa sin ín. Á kú, á gbà gbọ́ pé ara òun ló da òun.

Ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo ti sọ fún Ọlọ́run, mo sọ ọ́ títí ó sú mi. Kì í ṣe ife Ọlọ́run ni mo rì sínú iyọ̀. Ẹ má sì ní kí n fi owó ṣe é, kí n kọ́ ilé ìdáná fún wọn tàbí kí n sanwó dókítà. Bàbá á dúpẹ́ ni, á tún ṣàdúrà fún mi, mi ò lè gba àdúrà kan sí i lẹ́nu ọkùnrin yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ni èyí. Ṣé kí n sọ fún un lóun nìkan, àbí lójú àwọn tó gbà pé ọwọ́ rẹ̀ burú? Nítorí pé tí mo bá sọ ọ́ fún òun nìkan, mo mọ Bàbá, á bò mí láṣìírí, á sì máa jẹun lọ nínú abọ́ ike rẹ̀ nítorí tèmi.

Ìdúpẹ́ náà ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀kan péré nínú ọgọ́ta ni mo ti kọ, èyí tó wọ́ yẹn. Bàbá ní òun máa wá wò wọ́n fúnra òun ní Sátidé tó ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ á mú un lọ́wọ́ dání wá. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Màá gbé ife kan fún un, orúkọ rẹ̀ lára ife. Mo sì mọ ohun tó máa ṣe. Á kọ́kọ́ fa aṣọ ìnujú yọ nínú àpò, á fi wé ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kó tó gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ohun tí mo máa sọ kó tó fa aṣọ ìnujú náà yọ.